Ṣé Iye Ìgbà Tí A Dárúkọ Onímọ̀ Ni Iṣẹ́ Rẹ̀ Tó?

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga jókòó tì, kí a yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń fi í dá ara wa lẹ́jọ́ láì béèrè bóyá ìdájọ́ náà tọ́. Bí àkókò ìgbéga bá tó fún olùkọ́ kan, ohun tí a ń kọ́kọ́ béèrè ni iye àpilẹ̀kọ tí ó ti tẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí, a ó béèrè iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti tọ́ka sí àwọn àpilẹ̀kọ náà nínú ìwé tiwọn. Bí iye náà bá pọ̀, a ó ní onímọ̀ gidi ni. Bí ó bá kéré, a ó mi orí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ béèrè pé, "Kí ni ẹni yìí tilẹ̀ wí? Ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Ta ni ó ṣe láǹfààní?"

Àwọn onímọ̀ ewéko ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ tiwọn kì í pin sínú ìwé. A máa wọ inú ilẹ̀, a máa hù, a sì máa dé inú ìkòkò ẹni tí kò mọ ìwé rárá. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù.

Kíka ìtọ́ka kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1955, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eugene Garfield dá a lábàá pé kí a ṣe ìwé kan tí yóò máa fi hàn, fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tí ó tọ́ka sí i lẹ́yìn tí ó jáde. Ní 1964 ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Science Citation Index ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà nígbà tí ó kọ́kọ́ dá àbá yìí: ó fẹ́ kí olùwádìí lè mọ̀ bí ẹnìkan bá ti ta ko àpilẹ̀kọ kan, kí ó má baà máa ru àṣìṣe elòmíràn kiri. Atọ́nà ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé kì í rí ohun tí ó ṣeé kà kí ó má fi ka ènìyàn. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, gbé òǹkà tí a ń pè ní h jáde: ẹni tí ó bá ní àpilẹ̀kọ 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ní ìtọ́ka 20 ó kéré tán, 20 ni h tirẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà a máa ṣe ìṣirò náà kí ojú tó ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ orúkọ olùkọ́ rẹ̀ kí ó sì wo iye tí olùkọ́ rẹ̀ "tó" kí ó tó wọ kíláàsì, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí a má ṣe tètè bú òǹkà. Àwa tí a ń gbé ilé ayé mọ bí ìgbéga ti máa ń rí níbi tí òṣùwọ̀n kò bá sí: "Ọmọ ta ni? Ará ìlú wo ni? Ta ni ó mọ̀ lókè?" Nọ́ńbà kò mọ ọmọ ta ni. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní bàbá nínú ìgbìmọ̀ lè gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀ kí ó ní, "Ẹ wò ó, àwọn tí kò mọ̀ mí rí ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń tọ́ka sí mi yìí." Ohun rere ni èyí, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ kí a sọ gbogbo òǹkà nù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa bí a ó ti ṣe pẹ̀lú ojúsàájú.

Ìtọ́ka fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Oníjàálá kì í ṣí ẹnu kí ó má kọ́kọ́ júbà ẹni tí ó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni onímọ̀ tí ó tọ́ka ń wí pé, "Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ibi báyìí ni mo ti bù ú." Ẹni tí kò tọ́ka, olè ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó rí, tí ó ń ka iye ìbà tí a jú fún ọ̀gá oníjàálá, kí ó lè mọ̀ bí ohùn rẹ̀ ti dùn tó? Gbèsè tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń san ni ìbà. A kò dá a sílẹ̀ láti fi wọn ẹni tí a ń san án fún.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Gregor Mendel. Ní ìlú Brno, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ni mọ́ńkì yìí ti gbin ẹ̀wà kan tí àwọn òyìnbó ń jẹ sínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì, tí ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ da oríṣi kan pọ̀ mọ́ òmíràn, tí ó ń wo ohun tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn jọ. Nínú ìdánwò kan, ó ka èso 7,324: 5,474 jẹ́ roboto tí ara wọn dán, 1,850 hunjọ. Mẹ́ta sí ẹyọ kan, díẹ̀ ló kù. Láti inú irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí òfin tí bàbá àti ìyá fi ń fún ọmọ ní ìrísí. Ó ka ìwé rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìlú náà ní 1865, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, ó sì gba ẹ̀dà 40 tí ó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn. Ó kú ní 1884. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwọ̀nba ènìyàn tí ó tọ́ka sí ìwé náà kò tó nǹkan, àwọn tí ó sì tọ́ka sí i kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 1900 ni Hugo de Vries, Carl Correns àti Erich von Tschermak, olúkúlùkù níbi tirẹ̀, bá òfin kan náà pàdé, tí wọ́n sì rí i pé mọ́ńkì kan ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga kan bá ti pe Mendel ní 1880, òǹkà h rẹ̀ ì bá ti múni rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, wọ́n dárúkọ rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ó ti di egungun. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé òun gan-an jẹ́ ẹni tí ń ka nǹkan. Nítorí náà ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú òǹkà. Nígbà tí Mendel ka èso roboto kan, ohun kan náà ni èso roboto kejì jẹ́, ní ti ohun tí ó ń wá. Ó mọ ohun tí ó ń kà. Àwa ńkọ́? Ìtọ́ka kan wà tí ó jẹ́ ìyìn, òmíràn jẹ́ àtakò, òmíràn jẹ́ pé ọ̀gá ni, a kò gbọdọ̀ fò ó. Òmíràn tún wà tí ó jẹ́ "kì mí kí n kì ọ́", àdéhùn láàrin ọ̀rẹ́ méjì. A da gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, a kà wọ́n, a sì pe iye wọn ní ọlá. Ẹni tí ó bá da iṣu, òkúta àti ìgbín pọ̀ tí ó sì ní, "Ọgọ́rùn-ún ni," kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi ọgọ́rùn-ún náà sè?

Ìdàkejì Mendel náà wà. Ní 1962, Toshio Murashige àti olùkọ́ rẹ̀ Folke Skoog, ní Yunifásítì Wisconsin, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí omi oúnjẹ tí a lè fi tọ́ ẹ̀yà ara tábà dàgbà nínú ìgò. Ó wà lára àwọn àpilẹ̀kọ tí a tọ́ka sí jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ ewéko, nítorí pé ẹni yòówù tí ó bá fẹ́ tọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ nínú ìgò, omi wọn ni ó sábà máa ń pò, yóò sì dárúkọ wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà wúlò, òǹkà rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí ìwúlò rẹ̀. Síbẹ̀ ta ni yóò wí pé ìmọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Mendel lọ? Odó kò ju òfin lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odó ni a ń lò lójoojúmọ́. Bí òǹkà bá pọ̀, ó sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ohun lò. Bí ó bá kéré, kò sọ nǹkan kan fún wa rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni àwa ti ń fi í ṣe ìdájọ́.

Obìnrin kan wà, Barbara McClintock, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àgbàdo ní Cold Spring Harbor ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn nǹkan kan nínú krómósómù àgbàdo a máa ṣí kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, èyí sì ni ó ń fa tótòtó àwọ̀ lára èso rẹ̀. Ó kọ ọ́ ní 1950, ó sọ ọ́ níwájú àwọn onímọ̀ ní 1951, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí ó yá, ó dín títẹ àlàyé kíkún jáde kù, ṣùgbọ́n kò dín wíwo àgbàdo rẹ̀ kù. Ní 1983 ni a fún un ní ẹ̀bùn Nobel, òun nìkan, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 81. A fẹ́ràn láti sọ irú ìtàn yìí bí ìtàn sùúrù. Èmi ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì: ta ni ó ń sanwó oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Àjọ Carnegie ni, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó máa bá àgbàdo rẹ̀ lọ. Kì í ṣe sùúrù McClintock nìkan ni ó mú ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Sùúrù ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Èwo nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ni ó ní sùúrù ọdún mẹ́ta?

Kí a wá sí ilé. A dá IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ní 1971 ni ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, dé ibẹ̀, tí ó sì dojú kọ ẹ̀gẹ́. Gbogbo ẹni tí ó ti dá oko ẹ̀gẹ́ rí ni ó mọ àrùn mòsáíkì, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ewé a pọ́n lábawọ́n-lábawọ́n, a ká kò, ohun tí a ó sì wà nídìí rẹ̀ a kéré. Eṣinṣin funfun kékeré kan ni ó ń gbé e kiri, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa gbé e nígbà tí ó bá gé igi tí ó lárùn gbìn. Hahn àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ da ẹ̀gẹ́ pọ̀, wọ́n yàn, wọ́n sọ nù, wọ́n tún yàn, títí wọ́n fi rí àwọn tí ó lè dúró níwájú àrùn náà tí ó sì tún so dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ìwé ń pè ní TMS 30572.

Ó kọ àpilẹ̀kọ, wọ́n sì tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n a kò lè tọ́ka sí igi ẹ̀gẹ́. Àgbẹ̀ tí ó rí i ní oko aládùúgbò rẹ̀ kò kọ̀wé. Ó tọrọ igi mẹ́wàá, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ gbìn ín, ní ọdún kejì ẹlòmíràn tọrọ lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí gígé igi bá jẹ́ ìtọ́ka, kọ̀ǹpútà wo ni ì bá lè kà á tán? Ní 1983, ọdún kan náà tí McClintock gba ẹ̀bùn rẹ̀, àwọn ará Ìkirè, ìlú tí a mọ̀ mọ dòdò, fi Hahn jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní oyè pàápàá ti di ohun tí a ń fi owó rà lóde òní. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a torí rẹ̀ fún ọkùnrin yìí ní oyè, ó ṣeé wà, ó ṣeé rin, ó ṣeé yan ní gàrí. Àwọn tí ó dá a lọ́lá kò ka àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jẹ. Ẹ̀rí wo ni ó tún kù?

Síbẹ̀ kí a má sọ ọ́ di ìtàn akọni kan ṣoṣo. Kí IITA tó dé ni àwọn olùwádìí ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn kan náà, ti yan ẹ̀gẹ́ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 58308, òun sì ni ó wúlò fún iṣẹ́ Hahn. Ṣáájú ìyẹn, àwọn kan ní Amani, ní Tanzania òde òní, ti da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan láti Brazil, igi rọ́bà Ceará, kí wọ́n lè rí agbára náà mú wọ inú rẹ̀. Títí dé ibí yìí, a ṣì rí orúkọ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní 2002, àwọn olùwádìí kéde agbára mìíràn tí ń dènà àrùn náà, CMD2 ni wọ́n pè é, inú ẹ̀gẹ́ àbáláyé tí ó wà ní oko àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n sì ti rí i. Nínú àwọn ẹ̀gẹ́ àbáláyé tí IITA kó jọ, ọ̀kan wà tí ìwé ń pè ní TME 7. Ọkọ Ìyàwó ni orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ? Ìyá wo, tàbí bàbá wo, ni ó rí i pé igi báyìí dúró ṣinṣin nígbà tí ewé àwọn yòókù ń ká kò, tí ó sì gé e pamọ́ dé ọdún kejì? Yíyàn ni ẹni yẹn yàn, gẹ́gẹ́ bí Hahn ti yàn. Ìtọ́ka a máa tọpa ìmọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́ kọ, níbẹ̀ ni ó sì ń pẹ̀yìn dà, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta mí lára ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nísinsin yìí. Ewéko kékeré kan wà tí ń jẹ́ Arabidopsis. Kò sí ẹni tí ń fi í se ọbẹ̀, koríko ni. Ṣùgbọ́n ó kéré, ó tètè dàgbà, òun sì ni ewéko àkọ́kọ́ tí a ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú jíìnì rẹ̀ jáde, ní ọdún 2000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ káàkiri ayé. N kò kẹ́gàn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa bí ewéko ṣe ń mọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ibẹ̀ ni a ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀wé lórí rẹ̀, ọjà ńlá ni ó wọ̀, níbi tí èrò tí yóò dárúkọ rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ẹni tí ó bá kọ̀wé lórí ewédú tàbí igi igbá tí a ń mú irú rẹ̀ jáde, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ó ná. Iṣẹ́ méjèèjì lè dọ́gba ní jíjinlẹ̀. Òǹkà wọn kò lè dọ́gba láé. Ẹni tí ó ń wo òǹkà nìkan rò pé òun ń wọn ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni bí ọjà ti tóbi tó ni ó ń wọ̀n.

Bí ọ̀dọ́ kan bá wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun fi ewédú sílẹ̀, kí òun lọ sí ibi tí èrò wà, n kò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ilé ń bẹ tí ó gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀, ọmọ sì ń bẹ tí ó ń lọ síléèwé. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹni tí a ń wọ̀n, bí kò ṣe lọ́rùn àwa tí a di òṣùwọ̀n mú. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí n kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ènìyàn máa tọ́ka sí ara rẹ̀ níbi tí kò kàn án. Kí ó máa gé ìwádìí kan ṣoṣo sí márùn-ún bí ẹni ń gé ebu iṣu, kí iye àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè pọ̀. Ebu iṣu a tilẹ̀ máa hù. Ọkàn ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èké ni, bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn olóòtú àti àwọn atẹ̀wéjáde kan pàdé ní San Francisco, wọ́n sì kọ ìkéde kan tí a ń pè ní DORA, pé kí a yé fi òkìkí ìwé tí àpilẹ̀kọ ti jáde dípò kíka àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe kò le láti sọ: kí a ka ìwé ẹni náà. Àwọn tí ó jókòó ní ìgbìmọ̀ a ní, "Ìgbà wo? Ogún ènìyàn ni ó ń dúró dè wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbọ̀n àpilẹ̀kọ!" Ẹjọ́ wọn tọ́ díẹ̀. Kí ẹni náà mú mẹ́ta péré wá, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó dára jù, kí a fún ẹnìkan ní iṣẹ́ àtikà wọ́n, kí ó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Àwọn kan yóò ní, nígbà náà ojúsàájú yóò padà wọlé. Ó lè padà. Ṣùgbọ́n ojúsàájú tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí, a lè gbé e dìde ní ọjọ́ iwájú kí a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Nọ́ńbà kì í jẹ́jọ́. Kí òǹkà wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí, a ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ ni kò gbọdọ̀ jẹ́.

Ti àgbẹ̀ tí ó fún wa ní Ọkọ Ìyàwó ni n kò tíì rí ojútùú rẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti sọnù, a kò sì lè tọ́ka sí ẹni tí kò lórúkọ. Ó kéré tán, nígbà tí a bá ń kọ TME 7 sínú ìwé, a lè kọ orúkọ tí ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kì í ṣe é. Ní tiwọn, àwọn àgbẹ̀ ti san án padà lọ́nà tiwọn: ẹ̀gẹ́ tí ó ti ilé ìwádìí jáde, lọ́pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, wọn kò pè é ní Hahn, wọn kò sì pè é ní TMS 30572. Ágíríkì ni wọ́n ń pè é.